Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń ṣe ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí: bí wọ́n ṣe ń dá fístúlà mọ̀, àti bí mo ṣe ń kọ kóòdù rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìdí ni ọ̀rọ̀ tòní. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó jẹun tán ná. Ojú máa ń ti èèyàn láti sọ pé ihò ìdí ń dun òun, bẹ́ẹ̀ ìtìjú yẹn gan-an ló fi ọdún mẹ́rin ṣòfò lára ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Yàrá rékọ́ọ̀dù ọsibítù kan nílẹ̀ Yorùbá níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa lẹ máa ń pè ní "àwọn tó ń wá kádì", tí ẹ máa ń bínú sí pé a ò tètè rí kádì yín. Wíwá kádì nìkan kọ́ niṣẹ́ wa o. Tí dókítà bá ti kọ orúkọ àìsàn sínú fáìlì tán, àwa la máa sọ orúkọ yẹn di kóòdù: lẹ́tà kan pẹ̀lú nọ́ńbà mélòó kan, láti inú ìwé ńlá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní ICD-10. Kóòdù yìí ni kọ̀ǹpútà máa ń kà. Òun ni ìjọba fi ń mọ irú àìsàn tó ń bá àwọn ará ìlú fínra, òun náà ni HMO máa wò kí wọ́n tó sanwó.

Lọ́jọ́ kan, fáìlì arákùnrin télọ̀ kan dé orí tábìlì mi. (Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.) Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó ti lọ sílé, ó ku kí n kọ kóòdù. Lójú ìwé tó kẹ́yìn, dókítà kọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó mẹ́ta péré: "simple rectal fistula". Mo gbé bírò, mo tún gbé e sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ò bá ìyókù mu. Màá padà sórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣe é.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú, eéwo kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí rẹ̀. Ó wú, ó gbóná, kò sì lè jókòó dáadáa ti máṣíìnì mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìdí kan ló fi ń jókòó ránṣọ. Nígbà tó yá, eéwo náà bẹ́ fúnra rẹ̀, ọyún dà, ara tù ú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò pé oṣù méjì, ibẹ̀ tún wú, ó tún bẹ́. Bó ṣe ń bá a yí nìyẹn: á wú, á bẹ́, á máa sun ọyún díẹ̀díẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, á dáwọ́ dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Tíṣù ló máa ń ká sínú pátá kí ṣòkòtò má baà lábàwọ́n. Ìyá rẹ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó yéé jẹ ohun dídùn. Ìyá alágbo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó fún un ní agbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ó yàgbẹ́ títí ara rẹ̀ fi rọ. Oníkẹ́mísìtì fún un ní kápúsù. Ó wá sí ọsibítù wa lẹ́ẹ̀mejì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé "dókítà, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ mí lẹ́nu", ojú tì í láti bọ́ ṣòkòtò, èrò sì kún ìta. Dókítà kọ jẹ̀díjẹ̀dí sílẹ̀, ó kọ oògùn. Kò wo ibẹ̀.

Mo ṣí ojú ìwé àwọn ọjọ́ yẹn. K64.9 ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìyẹn kóòdù jẹ̀díjẹ̀dí tí wọn ò sọ irú èyí tó jẹ́. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́.

Kí wá ni fístúlà? Ẹ rántí ihò òkété. Ọdẹ mọ̀ pé ihò òkété kì í ní ẹnu kan ṣoṣo. Tí o bá dí èyí tó wà níwájú, ẹran á gba ẹ̀yìn jáde. Bí fístúlà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni, tóóró bí okùn, tí ẹnu rẹ̀ kan wà nínú ojú ọ̀nà ìgbẹ́, tí ẹnu kejì sì wà lórí awọ ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí.

Ọyún ló gbẹ́ ọ̀nà yẹn. Tí ẹ bá wọlé láti ihò ìdí, níwọ̀n nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, ìlà kan wà níbẹ̀ tó rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn. Àwọn glándì kéékèèké wà nídìí ìlà náà, tí wọ́n ń da omi yọ̀rọ̀ síbẹ̀. Tí ẹnu ọ̀kan nínú wọn bá dí, kòkòrò àìsàn á bí sí i nínú rẹ̀, ọyún á gbára jọ. Ọyún kì í jókòó jẹ́ẹ́. Á wá ibi tó rọ̀ gbà láàárín ẹran ara títí á fi dé awọ. Eéwo tí arákùnrin yẹn rí nìyẹn. Lẹ́yìn tí irú eéwo bẹ́ẹ̀ bá tú, ọ̀nà náà máa ń dí fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n lára nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta, títí dé ìdajì wọn, kì í dí. Ìgbẹ́ àti kòkòrò á máa ti ẹnu inú wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Ẹ ti wá rí ìdí tí kápúsù fi ń mú kó rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tí á sì tún padà. Oògùn lè pa kòkòrò tó wà nínú ihò, kò lè dí ihò. Agbo tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ ń kọ́? Inú ìfun nìyẹn ń fọ̀, ọ̀nà ẹ̀bùrú wà níbi tó wà.

Jẹ̀díjẹ̀dí ní tiẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú ìdí ni, èyí tí gbogbo èèyàn ní ṣùgbọ́n tí ti ẹlòmíràn máa ń wú ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ló sábà máa ń mú jáde, lẹ́yìn ìgbẹ́, nígbà mìíràn ẹran kékeré kan á yọ síta. Kì í sun ọyún. Tó bá jẹ́ ọyún ni ẹ̀ ń rí nínú pátá, tí ojú kan náà ń wú tó ń bẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún dókítà pé "jẹ̀díjẹ̀dí ni". Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un, kí òun fúnra rẹ̀ wá orúkọ fún un. Tí ibẹ̀ bá wú gan-an, tí ibà dé, tàbí tí ẹni náà ní àtọ̀gbẹ, kó má dúró dọ̀la kó tó lọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yìí náà, fístúlà. Lórí rédíò wa, tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, obìnrin tí ìrọbí pẹ́ fún, tí ìtọ̀ wá ń dà lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ni wọ́n sábà ń sọ. Fístúlà nìyẹn náà, torí ọ̀nà tí kò yẹ kó wà ló là láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Ṣùgbọ́n àìsàn ọ̀tọ̀ ni, orí mìíràn ni kóòdù rẹ̀ sì wà nínú ìwé: N82.0. Mo ti rí ọmọ ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tó fún ọkùnrin ní kóòdù yẹn rí. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ká ní ó lọ bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin á ti di abiyamọ nínú ìwé ìjọba.

Báwo ni dókítà ṣe ń dá a mọ̀? Àyẹ̀wò yìí ò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá níbẹ̀rẹ̀; ojú àti ìka ọwọ́ ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Aláìsàn á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á ká orúnkún sókè. Dókítà á wá ojú kékeré lórí awọ, á sì kọ ibi tó wà bíi pé ojú aago ni ihò ìdí: aago méjìlá níwájú, aago mẹ́fà lẹ́yìn níhà egungun ìdí. Aago méje ni ti télọ̀ wa. Á fi ìka tẹ awọ. Bí ọ̀nà náà ò bá jìn, á máa kàn án bí okùn líle lábẹ́ awọ. Á ki ìka tí a fi rọ́bà bò, tó sì fi nǹkan yọ̀rọ̀ pa, sínú ìdí, á wá ẹnu inú, á sì ní kí aláìsàn fún ìdí pa kó lè mọ bí iṣan ṣe lágbára tó. Ó máa ń ti èèyàn lójú, àmọ́ kì í pẹ́ rárá. Lẹ́yìn náà, á fi páìpù kúkurú tó ní iná wo inú.

Òfin àtijọ́ kan wà tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fojú wá ẹnu inú. David Goodsall, oníṣẹ́ abẹ ní ọsibítù St Mark's ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1900. Ẹ fa ìlà kan ní ìbú la àárín ihò ìdí kọjá. Tí ẹnu ìta bá wà níwájú ìlà, ọ̀nà náà sábà máa ń lọ tààrà wọlé. Tó bá wà lẹ́yìn ìlà, ó máa ń tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́ lọ sí àárín ẹ̀yìn, ní aago mẹ́fà. Kì í rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà o, pàápàá fún ẹnu iwájú tó bá jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ sí ihò ìdí. Aago méje ni ti télọ̀ wa, lẹ́yìn ìlà nìyẹn, nítorí náà aago mẹ́fà ni wọ́n ti máa wá ẹnu inú. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bá a.

Inú tíátà ni wọ́n ti bá a, lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní oògùn akunnilóorun. Dókítà lè fún omi háídrójìn pẹ́róksáìdì gba ẹnu ìta, kó máa wo ibi tí ìfóófòó á ti yọ nínú. Ó lè fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ kò mú tọpa ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni o, torí irin tí wọ́n bá fi agbára tì lè là ọ̀nà tuntun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá díjú, MRI ló ń ya àwòrán ọ̀nà náà dáadáa jù. Wọ́n sì máa ń gé ẹran díẹ̀ lọ sí láàbù, pàápàá níbi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ náà lè fa fístúlà ìdí. Tó bá jẹ́ pé òun ni, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ló máa wò ó, kóòdù rẹ̀ á sì kúrò ní K pátápátá, á di A18.3. Èsì télọ̀ wa jáde: kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ "simple". Ẹ má rò pé ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò le. Ọ̀rọ̀ iṣan ni. Òrùka iṣan méjì ló yí ihò ìdí ká. Ti inú ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kódà tí ẹ bá sùn. Ti ìta ni ẹ fi ń dá a dúró nínú go-slow títí mọ́tò á fi dé ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ní 1976, Alan Parks, tòun náà jẹ́ ará St Mark's, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé àyẹ̀wò aláìsàn 400 jáde, wọ́n sì pín fístúlà sí oríṣi mẹ́rin: èyí tó gba àárín òrùka méjèèjì, èyí tó la òrùka ìta kọjá, èyí tó gba orí rẹ̀ kọjá, àti èyí tó wà lẹ́yìn òrùka pátápátá tó sì wọ inú ìfun lókè.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì rèé. Ìwòsàn tó dájú jù fún fístúlà ni pé kí wọ́n fi abẹ la ọ̀nà náà látòkè dé ìsàlẹ̀, kó di gọ́tà tí kò ní òrùlé, kó sì máa jinná láti ìsàlẹ̀ bọ̀. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí èyí ń wò sàn, tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣan tó bá wà lórí ọ̀nà náà ni abẹ á gé. Bó bá jẹ́ díẹ̀ ni, kò sí wàhálà. Bó bá pọ̀, fístúlà á sàn, àmọ́ ẹni náà ò ní lè dá ìgbẹ́ dúró mọ́. Nítorí náà, "simple" ni ọ̀nà kan ṣoṣo, tó wà nísàlẹ̀, tí kò gba inú òrùka ìta kọjá tàbí tó kàn gba díẹ̀ lára rẹ̀. Èyí tó bá ga, tó bá ní ẹ̀ka, tó bá ti sàn tó tún padà, tó bá wà níwájú lára obìnrin, tàbí tó jẹ́ àìsàn ìfun bíi Crohn ló fà á, ó ti díjú nìyẹn. Irú wọn ni wọ́n ń ki okùn gba inú rẹ̀, tí wọ́n á so ó, tí ọyún á máa bá a jáde kí wọ́n tó ṣe nǹkan mìíràn. Okùn yìí ti pẹ́ láyé. Ó wà nínú ìwé ìṣègùn Hippocrates ní Gíríìsì àtijọ́, irun ẹṣin ni wọ́n ń fi kún un nígbà yẹn.

Àìsàn yìí ò mọ olówó. Ní November 18, 1686, wọ́n la fístúlà Louis XIV, ọba Faransé, láìsí oògùn akunnilóorun, torí kò tíì sí. Oníṣẹ́ abẹ rẹ̀, Félix, ti fi ọ̀pọ̀ oṣù dánra wò lára àwọn aláìní ní ọsibítù kó tó fọwọ́ kan ọba. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rín sọ ìtàn yìí. Èmi máa ń ronú nípa àwọn aláìní yẹn. Charles Dickens tó ń kọ ìwé ìtàn náà ní tiẹ̀ ní 1841, Frederick Salmon, ẹni tó dá St Mark's sílẹ̀ ní 1835, ló ṣe é fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí tábìlì mi, sórí ọ̀rọ̀ "rectal".

Ojú ọ̀nà ihò ìdí gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Òkè rẹ̀ ni réktọ́ọ̀mù wà, apá ìgbẹ̀yìn ìfun ńlá, níbi tí ìgbẹ́ ti ń dúró de àyè. Nínú ICD-10, K60.3 ni fístúlà ihò ìdí. K60.4 ni fístúlà réktọ́ọ̀mù, tó là látinú réktọ́ọ̀mù dé awọ. K60.5 ni ti méjèèjì pọ̀. Ẹ wá wò ó: tí ẹnu inú bá wà nínú réktọ́ọ̀mù lóòótọ́, ó ti ga ju òrùka iṣan lọ nìyẹn. Báwo ni á ṣe tún jẹ́ "simple"? Àwọn méjèèjì ò sábà bára wọn gbé.

Mo ka ìwé iṣẹ́ abẹ. Ẹnu inú wà lórí ìlà wọ́gọwọ̀gọ yẹn, ní aago mẹ́fà, ọ̀nà náà sì gba àárín òrùka méjèèjì nísàlẹ̀. Ihò ìdí nìyẹn, kì í ṣe réktọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n èmi ò láṣẹ láti yí orúkọ àìsàn padà. Ohun tí dókítà bá kọ la máa ń kọ kóòdù fún. Tó bá ta kora, ká bi í. Mo pè é lórí fóònù.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Láti rékọ́ọ̀dù ni. Ẹ kọ réktọ́ọ̀mù níparí, ṣùgbọ́n ihò ìdí lẹ kọ nínú ìwé tíátà. Èwo ni ká mú?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ah. Ihò ìdí ni o jàre. Gbogbo wa la máa ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ṣé ó wá ní ìyàtọ̀ níwájú yín níbẹ̀?"

"Ó ní, sà."

Ó sọ̀kalẹ̀ wá lọ́sàn-án, ó tún un kọ, ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì. Mo kọ K60.3.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ kóòdù Amẹ́ríkà láti fi ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ níbí: lọ́dọ̀ tiwọn, K60.3 nìkan ò tó mọ́. Láti October 1, 2024 ni wọ́n ti pín kóòdù mẹ́ta yìí sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó díjú tàbí kò díjú, kí ẹ sì tún mọ̀ bóyá ìgbà àkọ́kọ́ ni, tàbí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ tí kò sàn, tàbí ó ti sàn tó tún padà. Ti ihò ìdí tí kò díjú, nígbà àkọ́kọ́, K60.311 ni. Ti réktọ́ọ̀mù, K60.411. Ẹ rí i pé nọ́ńbà kan péré, 3 àti 4, ló yàtọ̀. Tí dókítà ò bá sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, 9 ló máa wà níparí, ìyẹn ni pé wọn ò sọ. Ẹ má fi orí ara yín pinnu pé ọdún mẹ́rin ti pẹ́, nítorí náà "kò sàn" ni. Ẹ bi dókítà. Ìwé wa níbí ò ní ìpín yẹn rárá. Nígbà tí mo kọ K60.3, ọ̀rọ̀ "simple" ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, fáìlì nìkan ló ṣì wà.

Télọ̀ náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún àyẹ̀wò. Ó ní òun ń jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ní àárọ̀ àti alẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, ojú abẹ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ẹ̀gbẹ́ ìdí méjèèjì ló fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú fèrèsé wa.

Mo tún ṣí ojú ìwé àwọn ọjọ́ méjì yẹn. A kì í pa kóòdù àtijọ́ rẹ́. Ohun tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà ló dúró fún. K64.9 méjì náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì ti lọ pẹ̀lú ìròyìn oṣù wọn tipẹ́, wọ́n ti wọ oǹkà àwọn oníjẹ̀díjẹ̀dí. Mo ti fáìlì, mo dá a padà sórí pẹpẹ.